Ohun tí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kọ́ mi nípa alẹ́ tí a bá pàdánù

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, ládùúgbò wa ní Ìbàdàn. Bẹ́ǹṣì, tẹlifíṣọ̀n ńlá méjì, dẹ́kódà, jẹnẹrétọ̀ àti ọmọkùnrin kan tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ẹrù mi nìyẹn. Alẹ́ tí Super Eagles bá jáwé olúborí kì í fún mi ní wàhálà. Ẹni tí kò mọ ẹnì kejì rí á dì mọ́ ọn, wọ́n á fi orin jáde, èmi á gbálẹ̀, mo ti ilé. Alẹ́ ìpàdánù ló gba ọgbọ́n. Ohun tí mo ti rí kọ́ nínú irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìwòran bíi tèmi, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń mú ọmọ lọ wo bọ́ọ̀lù, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ yín.

Èyí tó ṣe kókó jù ni mo máa kọ́kọ́ sọ: ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu lẹ́yìn tí rẹfirí bá fọn fèrè ìkẹyìn ló máa ń pinnu bí alẹ́ yẹn ṣe máa rí.

Ẹ jẹ́ kí n fi àṣekágbá AFCON, ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024 ṣàlàyé, torí èmi ò rí ìpàdánù tó dun àwọn èrò ilé mi tó o. Ẹ rántí bó ṣe rí. A ti na Ivory Coast ní 1-0 ní ìpele àkọ́kọ́, pẹnáritì William Troost-Ekong ni. Equatorial Guinea tún fi 4-0 nà wọ́n nílé ara wọn. Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ nígbà tí ìdíje ṣì ń lọ lọ́wọ́, Emerse Faé bọ́ sípò rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n má rọ́nà dé ìpele tó kàn. Nítorí náà, nígbà tí Troost-Ekong tún fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 38 ní Abidjan, àwọn ènìyàn ti ń pariwo ife ẹ̀yẹ kẹrin nílé mi. Franck Kessié dá a padà ní ìṣẹ́jú 62. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 81, Simon Adingra gbé bọ́ọ̀lù wá láti apá òsì, Sébastien Haller na ẹsẹ̀ síwájú Troost-Ekong, orí ìka ẹsẹ̀ lásán ló fi kàn án, bọ́ọ̀lù wọlé. Ọkùnrin tí wọ́n rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀ lọ́dún 2022 ló gba ife náà mọ́ wa lọ́wọ́. 2-1.

Nígbà tí fèrè dún, kò sẹ́ni tó mira. Ọmọkùnrin kan wà níwájú, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, ó ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé àti funfun kun ojú. Omijé la ọ̀nà méjì gba inú ọ̀dà náà kọjá, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún títí àwọ̀ méjèèjì fi dàpọ̀ dé etí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún, wọ́n ń wo ilẹ̀. Irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn kì í pẹ́. Gbogbo ènìyàn ń wá ibi tí wọ́n máa gbé ìbànújẹ́ wọn lé. Ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹnì kan, orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa dà lé. Tí ohùn àkọ́kọ́ bá ti ní, "Lágbájá ló tà wá," kò ní pẹ́ tí gbogbo ilé á fi gbà bẹ́ẹ̀, títí kan ẹni tó ń ra omi níta nígbà tí góòlù náà wọlé.

Torí náà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. N kì í sọ púpọ̀. Màá dìde síwájú tẹlifíṣọ̀n, màá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú, ó dun gbogbo wa." Lẹ́yìn ìyẹn màá yíjú sí àgbà kan tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, tí mo ti bẹ̀ sílẹ̀. Tí ìṣẹ́jú 80 bá ti kọjá tí nǹkan ò sì ṣẹnuure, mo máa ń lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó wọn pé, "Bàbá, tó bá parí báyìí, ẹ bá mi bá àwọn ọmọ yìí sọ̀rọ̀ o." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá tó ṣí fìlà yẹn ló dìde. Wọ́n ní àwọn wà ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè lọ́dún 2000, àwọn rò pé àwọn ò ní lè jẹun mọ́ láyé, àwọn sì jẹun lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sùúrùlérè, bàbá sì ń sọ ọ́ fún wọn. Báyìí ni ìbínú ṣe fẹsẹ̀ fẹ.

Ọ̀rọ̀ Sùúrùlérè yẹn, ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2000 ni, àwa àti Cameroon la jọ wọ àṣekágbá AFCON. Wọ́n ti gbá méjì wọlé wa, Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà, Jay-Jay Okocha dá ìkejì padà, ó di pẹnáritì. Nígbà tó kan Victor Ikpeba, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ba igi òkè, ó já sílẹ̀ nínú ilé, ó ta jáde. Rẹfirí ní kò wọlé. Tẹlifíṣọ̀n fi hàn lẹ́yìn náà pé ó ti kọjá ìlà. Nígbà yẹn kò sí VAR, fídíò tó ń ran rẹfirí lọ́wọ́, tó lè bá a jẹ́rìí. A pàdánù ní 4-3, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi di ẹrù ìpàdánù náà lé Ikpeba lórí. Ẹni tó gbá tirẹ̀ wọlé! Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí, torí mo mọ àwọn tó ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní, tí wọn kò sì tún fíìmù rẹ̀ wò rí.

Èyí tó wá ń ṣẹlẹ̀ lórí fóònù báyìí burú ju ti ìgbà yẹn lọ. Nígbà Ikpeba, ẹni tó bú u l'Ójàá Ọba, Ikpeba ò gbọ́. Nínú ìdíje àgbáyé 2010, wọ́n lé Sani Kaita jáde nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa pẹ̀lú Greece, ìhalẹ̀ ikú sì dé bá a. Ní 2018, lẹ́yìn tí Marcos Rojo ti Argentina fi góòlù ìṣẹ́jú 86 lé wa kúrò ní Rọ́ṣíà, Odion Ighalo àti ìdílé rẹ̀ gbọ́ èébú tí kò yẹ ọmọlúàbí. Nígbà tó wá di 2024, Alex Iwobi ló kàn. Kò gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara rẹ̀, kò sọ pẹnáritì nù. Wọ́n ṣáà yan orúkọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èébú ti kún ojú ewé rẹ̀ débi pé ó yọ àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò lórí Instagram. Ahmed Musa, balógun ikọ̀ nígbà náà, ló jáde bẹ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé gbogbo àwọn làwọn pàdánù. Mo yin Musa gan-an fún èyí. Òun náà ni ohùn tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ ohunkóhun sójú ewé agbábọ́ọ̀lù kankan lálẹ́ ìpàdánù. Ẹ sùn ná. Ẹ bínú sí ètò, ẹ bínú sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ní kí wọ́n máa fà sẹ́yìn lẹ́yìn góòlù kan, ẹ bínú sí àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù wa l'Ábùjá, ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹ̀rí. Ìyẹn tọ́ sí yín, èmi náà máa ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú òru kì í bímọ tó dáa, kódà fún olórí orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn ìdíje àgbáyé 2010 yẹn, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pé Super Eagles ò ní gbá bọ́ọ̀lù kankan mọ́ fún ọdún méjì. FIFA halẹ̀, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìjọba fi yí ìpinnu náà padà. Ẹ sì mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ yìí lè dé tí kò bá sí ẹni tó dá a dúró: ní 1994, Andrés Escobar ti Colombia gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara rẹ̀ nínú ìdíje àgbáyé, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n yìnbọn pa á ní Medellín.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé ìwòran, torí ohun tí ọwọ́ ń ṣe ṣe pàtàkì bí ohun tí ẹnu ń sọ. Má pa jẹnẹrétọ̀ nígbà tí fèrè bá dún. Mo mọ̀ pé epo wọ́n. Àmọ́ òkùnkùn àti ìbínú kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú yàrá kan náà, bẹ́ǹṣì tó máa fọ́ ju owó epo lọ. Fi iná sílẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn á fi jáde, fi fáànù sílẹ̀, ṣùgbọ́n rẹ ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, torí àwọn olóòtú á tún máa fi góòlù tó pa wá hàn léraléra. Ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú kí àwọn èrò má bàa fún ara wọn lẹ́nu ọ̀nà kan. Kò sì sí pé, "Ẹ yáa máa lọ." Ẹni tó fẹ́ jókòó díẹ̀, jẹ́ kó jókòó. Ọjọ́ àṣekágbá yẹn, àwọn tó dúró rí i tí wọ́n fún Troost-Ekong ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú gbogbo ìdíje náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bí àwọn yẹn ṣe jáde yàtọ̀ sí bí àwọn tó sáré jáde ṣe jáde.

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ wá ń kọ́? Ẹni tí bọ́ọ̀lù dùn yàtọ̀ sí ẹni tí owó rẹ̀ lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè dá wọn mọ̀. Tí góòlù bá wọlé wa, ẹni tí bọ́ọ̀lù dùn á gbé ọwọ́ lórí, á máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ta tẹ́tẹ́ á wo fóònù. Òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ búburú, òun ló máa gbá àga. Má bá a jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń bá jà. Mú un jáde jẹ́ẹ́jẹ́, kí o sì bi í bóyá owó ilé ni àbí owó ilé ìwé ọmọ. Tó bá jẹ́ irú owó bẹ́ẹ̀, wá ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa kó sìn ín délé, má jẹ́ kó dá rìn. N kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ta tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ nínú ilé mi lọ́jọ́ tí orílẹ̀-èdè wa bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ń dín owó mi kù, n ò sì yí i padà.

Àwọn àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń kó mi lọ́kàn sókè, ìyẹn ò sì dúró dìgbà tí a bá pàdánù. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa pẹ̀lú South Africa lọ́jọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, Victor Osimhen gbá góòlù kejì wọlé, gbogbo ayé ti ń jó. Ni VAR bá fagi lé e, ó tún fún South Africa ní pẹnáritì, ó di 1-1. Pẹnáritì la fi borí níkẹyìn, Stanley Nwabali mú méjì. Ìròyìn sì jáde lẹ́yìn náà pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kan gbẹ́mìí mì lórí ìjókòó níbi tí wọ́n ti ń wò ó. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń fi àwọn bàbá jókòó sí, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, màá sì bi wọ́n pé, "Ẹ ti lo oògùn yín lónìí, sà?" Wọn kì í bínú sí i. Tí ẹnì kan bá di àyà mú tàbí tó ń làágùn lódì, ẹ má pé lé e lórí, ẹ má da omi lù ú, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí bọ́ọ̀lù máa lọ.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ń sunkún, ẹ jẹ́ kó sunkún. Mo máa ń gbọ́ tí bàbá ń jágbe mọ́ ọmọ pé, "Ṣé wọ́n pa ẹ́ ni?" Kò dáa. Ó fẹ́ràn orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni, kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi pamọ́. Tó bá bi yín pé ta ló fà á, ẹ má dárúkọ ẹnì kan fún un. Ẹ bi í padà pé kí ló rí, ibo ló rò pé Adingra ti rí àyè, ta ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ máa rí i pé á nu ojú, á máa fi ọwọ́ yà á sílẹ̀ fún yín. Ọmọ tó kun ojú yẹn padà wá lọ́dún tó tẹ̀lé e, ní oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tí Super Falcons, ikọ̀ àwọn obìnrin wa, fi góòlù méjì sẹ́yìn ní Rabat, tí wọ́n sì yí i padà sí 3-2 mọ́ Morocco lọ́wọ́. Nígbà tó ṣì jẹ́ méjì sí òdo, òun ló ń sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n má tíì lọ.

N kì í gba owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọ tó bá bá òbí rẹ̀ wá. Ẹ mú wọn wá, títí kan ọjọ́ tí àyà bá ń já yín pé ó lè má dáa fún wa.