Ìgbàgbọ́ Tí Ó Ń Dáni Lẹ́kun

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ń kánjú lọ sí ilé ìjọsìn ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ti pẹ́, mo sì rí ìyá àgbàlagbà kan tí ẹrù rẹ̀ tú ká sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣà á, èyí tí ó ṣà sì tún ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá," mo sì kọjá lọ. Mo kọrin lọ́jọ́ náà, mo gbàdúrà, n kò tilẹ̀ rántí ohun tí ìwàásù dá lé mọ́. Alẹ́ ti lẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá náà tó sọ sí mi lọ́kàn, nígbà tí kò sí ohun tí mo tún lè ṣe sí i.

Nígbà tí mo ka ìwádìí tí John Darley àti Daniel Batson, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1973, ó dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ àlùfáà ní Princeton ni wọ́n dán wò. Wọ́n ní kí àwọn kan lọ sọ̀rọ̀ ní ilé kejì nípa iṣẹ́ tí ó yẹ irú wọn. Wọ́n ní kí àwọn tó kù lọ sọ̀rọ̀ nípa ará Samáríà rere, ọkùnrin inú àkàwé Jésù tí ó dúró ti ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ní ojú ọ̀nà tí olúkúlùkù wọn yóò gbà, ọkùnrin kan wó síbẹ̀, ó ń wúkọ́, ó ń kérora. Nínú àwọn tí wọ́n sọ fún pé àyè ṣì wà dáadáa, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣèrànwọ́ fún un. Nínú àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti pẹ́, ìdá 10 péré ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fẹ́ lọ sọ kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà. Àwọn kan tí wọ́n ń lọ sọ̀rọ̀ nípa ará Samáríà gan-an gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n sì ré ọkùnrin náà kọjá.

Ó rọrùn láti ka èyí kí èèyàn sì sọ pé ẹ̀sìn kò wúlò fún ohunkóhun. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ìgbàgbọ́ tí ó wà ní orí nìkan kì í tètè dé ẹsẹ̀. A máa ń jiyàn púpọ̀ lórí ohun tí àwọn ẹ̀sìn ń sọ nípa ayé: bóyá ohun-ìní wa ni ilẹ̀, bóyá ohun tí Ẹlẹ́dàá fi pa mọ́ sí wa lọ́wọ́ ni, bóyá ìbátan wa ni. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wo ọ̀rọ̀ náà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dá mi lójú pé ìbéèrè tí ó yẹ kí á bi ìgbàgbọ́ èyíkéyìí ni pé kí ni ó ti dá ọ lẹ́kun rẹ̀ rí, tí ó sì dùn ọ́?

Ní ọdún 1967, òpìtàn kan tí ń jẹ́ Lynn White kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Science, ó sì di ẹ̀bi ìbàjẹ́ àyíká ru ẹ̀sìn Kristẹni ti ìwọ̀-oòrùn ayé. Ó ní ẹ̀sìn náà ti kọ́ àwọn ènìyàn pé nítorí tiwọn ni a ṣe dá gbogbo ohun tó kù. Ẹsẹ tí àwọn ènìyàn sábà máa ń tọ́ka sí nínú àríyànjiyàn yìí wà ní Jẹ́nẹ́sísì orí kìn-ín-ní, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí ènìyàn kún ayé, kí ó sì "ṣe ìkáwọ́ rẹ̀." Àwọn tí wọ́n dá White lóhùn máa ń ṣí orí kejì, níbi tí a ti fi ọkùnrin náà sínú ọgbà láti máa ro ó àti láti máa ṣọ́ ọ. Lójú tèmi, apá méjèèjì ni ó rí ẹsẹ dì mú, nítorí ẹni tí àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ rí ẹsẹ tí yóò bá àáké rẹ̀ mu. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì rántí nínú àròkọ White ni ìparí rẹ̀: kò ní kí á jáwọ́ nínú ẹ̀sìn, ó ní kí á fi Fransisi ti Assisi, ọ̀rẹ́ ẹyẹ àti ẹranko, ṣe ẹni mímọ́ alábòójútó fún àwọn tí ń tọ́jú àyíká. Póòpù John Paul Kejì ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1979, orúkọ ẹni mímọ́ yìí kan náà ni Póòpù Fransisi sì gbà ní ọdún 2013, ọdún méjì ṣáájú kí ó tó kọ Laudato Si', lẹ́tà rẹ̀ lórí ìtọ́jú ayé.

Ibi tí àwọn ìwé mímọ́ ti wọ̀ mí lára jù kì í tilẹ̀ ṣe ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ńlá nípa ìṣẹ̀dá. Ó jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe òfin tíntìntín tí ó dà bí ìdíwọ́ fún ẹni tó fẹ́ jèrè. Léfítíkù 19 sọ pé kí àgbẹ̀ má ṣe kórè oko rẹ̀ dé igun, kí ó fi igun náà àti èéṣẹ́ sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò. Ẹ kíyè sí i pé a kò ní kí ó kórè tán kí ó wá ta wọ́n lọ́rẹ; láti ìbẹ̀rẹ̀ ni igun yẹn kì í ti í ṣe tirẹ̀ láti kórè. Orí 25 ìwé kan náà ní kí ilẹ̀ sinmi ní ọdún keje. Diutarónómì 20 dá ọmọ ogun lẹ́kun pé kí ó má gé igi eléso ìlú tí ó dó tì, bí ogun náà ti wù kí ó pẹ́ tó. Nínú ìtàn Ìsìláàmù pẹ̀lú, irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a gbà pé Abu Bakr, kálífà àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn Ànábì Muhammad, ṣe fún ọmọ ogun tí ó rán jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni sàká ṣe jẹ́ iye tí a ti ṣírò sílẹ̀, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ti pé ọdún lọ́wọ́ ẹni, tí kò dúró de ọjọ́ tí àánú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe olówó. Nínú ilé ìjọsìn àwọn Sikh, ẹlẹ́sìn kan tí ó ṣẹ̀ wá láti Íńdíà, ilẹ̀ ni olówó àti tálákà jọ ń jókòó sí láti jẹun ọ̀fẹ́, ìdí àti orúnkún sì kọ́ ẹ̀kọ́ ìdọ́gba kí etí tó gbọ́ ọ.

Bí mo bá fẹ́ mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo, àwọn Bishnoi, ìjọ ẹlẹ́sìn kan ní ìpínlẹ̀ Rajasthan ní Íńdíà, ni n óò mú. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún karùndínlógún ni olùkọ́ wọn, Guru Jambheshwar, fi òfin 29 lélẹ̀ fún wọn, orúkọ wọn pàápàá sì wá láti inú ogún àti mẹ́sàn-án ní èdè wọn. Àwọn kan nínú òfin náà jẹ mọ́ àdúrà àti ìmọ́tótó; àwọn mìíràn sọ pé kí wọ́n ṣàánú ohun ẹlẹ́mìí, kí wọ́n má sì gé igi tútù. Ní ọdún 1730, ọba Jodhpur rán ènìyàn wá sí abúlé Khejarli láti gé igi khejri, kí wọ́n lè fi jó òkúta di ẹfun ìkọ́lé. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Amrita Devi dì mọ́ igi, ó ní bí wọn yóò bá gé e, kí wọ́n kọ́kọ́ gé òun. Wọ́n gé e. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn ará abúlé tẹ̀ lé wọn, ènìyàn 363 ni ó sì kú kí ọba tó pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. N kò ka ìtàn yìí fún ìgboyà wọn nìkan. Ohun tí mo máa ń rò ni iye ọdún tí wọ́n ti fi ń yẹ igi tútù sílẹ̀, tí wọ́n ń wá èyí tó ti kú dáná ní àárọ̀ àìmọye ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wò wọ́n, kí ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn tó dé. Títí di òní, àwọn ẹran ìgbẹ́ bí ẹtu ń jẹ̀ ní ìtòsí ilé wọn láìbẹ̀rù.

Wangari Maathai ti Kẹ́ńyà, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ agbingi Green Belt Movement sílẹ̀ ní ọdún 1977 tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní ọdún 2004, sọ ohun tí ó jọ èyí nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́gi ìdáná lára igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tó wà nítòsí ilé wọn, nítorí igi Ọlọ́run ni. Odò kékeré kan ń sun lẹ́bàá igi náà. Nígbà tí ó dàgbà tí ó padà wálé, wọ́n ti gé igi náà, odò sì ti gbẹ. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó kọ́ ni ó wá jẹ́ kí ó yé e pé gbòǹgbò igi ọ̀pọ̀tọ́ a máa wọlẹ̀ jìn, a máa di ilẹ̀ mú, omi abẹ́ ilẹ̀ a sì máa bá a sun jáde. Ìyá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ gbòǹgbò rárá. "Igi Ọlọ́run ni" ti tó láti dáàbò bo odò náà, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kò sì tó mọ́ lójú àwọn ènìyàn ni ààbò ti ṣí kúrò.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé tí a bá ti pe nǹkan ní mímọ́, ó bùṣe. Odò Ganges ní Íńdíà kò ní jẹ́ kí á sọ bẹ́ẹ̀. Àìmọye ènìyàn ni ó gbà pé abo òrìṣà ni odò náà, tí wọ́n ń pè é ní Ìyá, tí wọ́n ń rìnrìn-àjò ọjọ́ pípẹ́ láti wẹ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ìlú ńláńlá pẹ̀lú omi olóró láti ilé-iṣẹ́ ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ó pẹ́ kí èyí tó yé mi, bóyá nítorí pé èdè wa ń tàn mí. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ohun tí kò ní ìdọ̀tí àti ohun tí a yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run: aṣọ mọ́, Ẹ̀mí sì jẹ́ mímọ́. Lọ́kàn ọ̀pọ̀ olùfọkànsìn létí odò Ganges, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Wọ́n gbà pé ìdọ̀tí lè wà nínú omi, ṣùgbọ́n kò sí ìdọ̀tí tí ó lè ba ìwà mímọ́ Ìyá jẹ́, nítorí òun ni ó ń wẹ gbogbo ènìyàn mọ́. Bí ọlá rẹ̀ ti ga tó yìí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù fún un.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Uttarakhand ní Íńdíà kéde pé ẹ̀dá tí ó ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin ni odò Ganges. Kí oṣù Keje tó parí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá ìdájọ́ náà dúró. Ní oṣù Kẹta kan náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin New Zealand ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún odò Whanganui, ìyẹn sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Māori, ọmọ onílẹ̀ New Zealand, tí ń gbé létí odò náà ti fi èyí tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ bá ìjọba jà lé e lórí, ọ̀rọ̀ wọn ni pé àwọn ni odò, odò sì ni àwọn. Òfin náà yan ènìyàn méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba, láti máa jẹ́ ẹnu fún odò. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé odò jẹ́ ìbátan òun gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ẹni tí yóò dìde sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ da nǹkan sínú ìbátan náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan, onígbàgbọ́ tòótọ́ tí kì í fi àdúrà ṣeré, bi mí nígbà kan pé kí ni èèyàn ń tọ́jú ayé sí nígbà tí a ti kọ ọ́ pé iná ni yóò jó o. N kò fi ìbéèrè náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí bí ojú bá ń wo ọ̀run nìkan, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ lè di ibùdókọ̀ lásán. Hádíìsì kan ni mo fi dá a lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kristẹni ni àwa méjèèjì. Ànábì Muhammad sọ nínú rẹ̀ pé bí Ọjọ́ Ìkẹyìn bá dé bá ẹnì kan tí ó mú igi kékeré lọ́wọ́ láti gbìn, bí ó bá lè gbìn ín, kí ó gbìn ín. Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ta ni yóò wá jẹ èso rẹ̀?" Mo ní bóyá ìyẹn gan-an ni hádíìsì náà mú kúrò nínú ọ̀rọ̀: a ò gbin igi yẹn nítorí èso. Kò gbà pẹ̀lú mi tán, a sì ṣì máa ń padà sórí rẹ̀.

Ní tèmi, láti ọdún yẹn ni mo ti ń kúrò nílé ní ìdajì wákàtí ṣáájú àkókò tí ó yẹ, ní gbogbo ọjọ́ ìjọsìn. Oorun ni mo fi ń san án, ó sì ń dùn mí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹni tí ẹrù rẹ̀ tú lójú ọ̀nà. Mo máa ń dé nígbà tí wọn kò tíì ṣí ilẹ̀kùn, n óò sì dúró síta.