Corolla 2005: púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, àti ọ́ìlì inú ihò kejì

Sátidé, Òkè-Fìà. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ni: kọ́ìlì mẹ́rin (àwọn ló ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná) lórí púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, kò ní wáyà púlọ́ọ̀gì rárá. Iná ẹ́ńjìnnì ń ṣẹ́jú, mọ́tò ń gbọ̀n lójú kan, kóòdù P0302: sílíńdà kejì kò jó dáadáa. Tí iná yẹn bá ti ń ṣẹ́jú, ẹ má wà á lọ ọ̀nà jíjìn; bẹntiróòlù tí kò jó ló máa ń ba katalísítì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú ẹ́sọ́ọ̀sì, jẹ́.

P0302 kò dárúkọ kọ́ìlì o. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ yọ orí bátìrì dúdú, ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà 10 tú kọ́ìlì kejì àti ìkẹta, kí ẹ pààrọ̀ ipò wọn. Ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ tan mọ́tò. Ó di P0303: àìsàn tẹ̀lé kọ́ìlì, kọ́ìlì ló kú. Ká ní P0302 ló padà wá ni, púlọ́ọ̀gì là bá kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà nọ́sù tó ń fọ́n bẹntiróòlù.

Ohun tó pa kọ́ìlì ọ̀hún wá ńkọ́? Rọ́bà rẹ̀ jáde pẹ̀lú ọ́ìlì, ó wú, ó rọ̀ bí fùfú. Ilà dúdú tín-ín-rín kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gòkè: ibẹ̀ ni iná ń gbà já sára irin kó tó dé púlọ́ọ̀gì. Gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, ti gan, ọ́ìlì ń jò sínú ihò púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi kọ́ìlì tuntun síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, owó yín ti wọmi.

Ọjọ́ Àìkú. Ẹ fi àkísà fa ọ́ìlì inú ihò gbẹ, ẹ fẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọ́kánáísà, kí ẹ tó tú púlọ́ọ̀gì. Iyanrìn tó bá já sí sílíńdà yóò ha á. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun wọlé, gọ́ọ̀mù sílíkọ̀n díẹ̀ níbi méjèèjì tí kọ́fà ṣéènì táímìnnì ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù kun gbogbo rẹ̀ bí àwọn kan ti ń ṣe.

Púlọ́ọ̀gì irídíọ̀mù mẹ́rin, sọ́kẹ́ẹ̀tì 16, àlàfo 1.1 mm. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà: ẹnu irídíọ̀mù máa ń tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, tó bá sanra, ẹ dá a padà. Ẹ fi ọwọ́ yí i títí yóò fi jókòó, kí ẹ wá fi sípánà fi ìlàjì yípo kún un. Ẹni tó bá fún un jù ń wá ìjàngbọ̀n lọ́wọ́ álúmínọ́ọ̀mù orí ẹ́ńjìnnì.

Ọjọ́bọ̀. Òkè-Fìà sí Ọláìyá lọ bọ̀, kò gbọ̀n, kóòdù kò padà. Ihò kejì gbẹ. Àyẹ̀wò míì di ìgbà tó bá rin 500 kìlómítà.