Nọ́ńbà ara páálí zirconia kò tó

Ẹ̀yin tó ń ṣe eyín ní Ìkòròdú, 1,100 MPa tàbí 1,200 MPa (ìwọ̀n agbára tí nǹkan lè gbà kó tó ṣẹ́) tí wọ́n kọ sára páálí zirconia, sẹ̀rámíìkì funfun tí a fi ń ṣe eyín, kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ara pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n dán dáadáa ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ara kíráùn (adé tí a fi ń bo eyín) tí dókítà ti fi dírílì ha kiri.

Sẹ̀rámíìkì kò ka ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí. Ohun tó bá ń fà á ló ń pa á. Bí ìkòkò amọ̀ ni: a pọn omi kún un, a gbé e rù, kò mira, ṣùgbọ́n tó bá ti sán bíńtín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọjọ́ kan ni yóò là. Titanium máa ń tẹ̀ kó tó dá. Zirconia kì í tẹ̀, òjijì ló ń ṣẹ́.

Tánganran eyín kò ju nǹkan bí 100 MPa lọ, lithium disilicate, sẹ̀rámíìkì onígíláàsì, wà ní nǹkan bí 400, zirconia 3Y (Y ni yttria tí wọ́n pò mọ́ ọn; ti 5Y pọ̀ ju ti 3Y lọ) sì ń kọjá 900. Ìdí ni pé bí ibi tó sán bá fẹ́ máa rìn síwájú, àwọn hóró tó wà níwájú rẹ̀ á yí padà, wọ́n á wú ní nǹkan bí 4%, wọ́n á sì fún un pa. 5Y tó mọ́ gaara, tó sì ń dá àwọn aláìsàn lọ́rùn, kò ní irú agbára yẹn. 500 sí 600 MPa ni tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ó dára fún eyín iwájú. Ẹ má fi ṣe bíríìjì (eyín tí a so pọ̀ láti dí àlàfo) gígùn: ISO 6872, ìlànà àgbáyé fún sẹ̀rámíìkì eyín, ń béèrè 800 MPa fún bíríìjì ẹyọ mẹ́rin sókè.

Ibi sísun ni wàhálà tiwa pọ̀ sí. A máa ń gé e tóbi jù ní 20 sí 25% torí pé yóò sún kì, iléru á wá gbé e dé nǹkan bí 1,500 °C. Ilé iṣẹ́ mànàmáná Egbin wà ní Ijede níbí, iná sì tún ń lọ! Tó bá lọ kí sísun tó parí, hóró kò ní lẹ̀ mọ́ra tán, ihò wẹ́wẹ́ á ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Ẹ má ṣílẹ̀kùn iléru, ẹ má sì tún un sun kí ẹ fi ránṣẹ́ sí dókítà. Ẹ gé òmíràn. Tí ẹ bá rì í bọ omi àwọ̀, kó gbẹ dénú kó tó wọ iléru. Ọ̀rọ̀ sísun kì í ṣe eré: nǹkan bíi 2001, àwọn orí egungun ìbàdí tí wọ́n fi zirconia ṣe nílẹ̀ Faransé ń fọ́ lára àwọn aláìsàn, lẹ́yìn tí wọ́n yí ọ̀nà sísun rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin dókítà, tí ẹ bá máa ha á lẹ́yìn sísun, dáyámọ́ǹdì kíkúnná, omi púpọ̀, ọwọ́ fífúyẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an. Kíkùn nìkan kì í dí ojú sísán. Tí ẹ bá ń fi hóró alumina 50 µm fẹ́ inú kíráùn, kí agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ má kọjá 2 bar. Ọrùn implant (gbòǹgbò eyín àtọwọ́dá tí a gbìn sínú egungun) zirconia alápá kan, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Lára ìpìlẹ̀ zirconia tó ń jókòó lórí implant, ibi tí síkúrù ti ń wọlé ni ògiri rẹ̀ ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Ìdí nìyẹn tí ìpìlẹ̀ titanium tí a lẹ zirconia mọ́ fi sàn: titanium ni síkúrù ń dì mú. Ẹ lo sípánà tó ń ka agbára, ní iye tí olùṣe kọ, tó sábà máa ń jẹ́ 25 sí 35 Ncm (ìwọ̀n agbára yíyí síkúrù).

Kí ẹ tó ra implant, ẹ béèrè àbájáde ISO 14801, ìdánwò àárẹ̀ fún implant, lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Níbẹ̀, wọ́n ń fi í dagun ní 30°, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé egungun ti lọ sílẹ̀ 3 mm, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ ní mílíọ̀nù márùn-ún ìgbà nínú afẹ́fẹ́. Iye newton (ìwọ̀n agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́) tó gbà láìṣẹ́ ni kí ẹ wò, kì í ṣe MPa. Tí aláìsàn bá sì jẹ́ ẹni tó ń wa eyín pọ̀ lóru, titanium la ó fi ṣe ti ẹ̀yìn ẹnu fún un, bó ti wù kó fẹ́ funfun tó.