Skríptì akófọ́tò mi: async tó tàn mí jẹ

Ọjọ́ kìíní. Fọ́tò 120 ni mo fẹ́ kó kúrò lórí sáìtì mi àtijọ́ kí n tó pa á rẹ́. Python ni mo fi kọ ọ́, lúùpù lásán pẹ̀lú requests (láíbírárì tó ń gba nǹkan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì), á mú ẹyọ kan, á dúró dè é, á tún mú òmíì. Ìṣẹ́jú 4. Kọ̀ǹpútà ò sì ṣe iṣẹ́ gidi kankan láàárín ìgbà yẹn o, ó kàn ń retí íntánẹ́ẹ̀tì ni.

Ọjọ́ kejì. Mo fi async, tó yẹ kó jẹ́ kí iṣẹ́ kan máa lọ nígbà tí òmíì ṣì ń dúró, síwájú def, mo fi asyncio.gather kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa lọ, inú mi ti ń dùn, mo rọ́ọ̀nù ẹ̀, ìṣẹ́jú 4 náà ló tún lò! Odindi alẹ́ kan ni mo fi wádìí ẹ̀. Àṣé requests ò mọ̀ pé async wà láyé. Ẹni tó bá gbé ata lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, ṣebí á to abọ́ ẹ̀ sórí ìlà, á lọ ra ẹran, á padà wá gbé e. Await, ọ̀rọ̀ tí async fi ń ní "mò ń dúró, ẹ máa bá tiyín lọ", ni abọ́ tó tò sílẹ̀ yẹn. Requests àti time.sleep (tó ń ní kí kóòdù sinmi) ní tiwọn, wọ́n á dúró gbagidi sẹ́nu ẹ̀rọ, event loop (ẹni tó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo wọn) kan ṣoṣo ló sì wà, thread (ojú ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà) kan náà ló ń lò, tí ẹnì kan bá ti jókòó lé e, gbogbo yín ti dúró nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta. Mo pààrọ̀ ẹ̀ sí aiohttp, láíbírárì tó mọ async ní tiẹ̀, ClientSession (ohun tó ń bójú tó ìsopọ̀ sí sáìtì) ẹyọ kan fún gbogbo fọ́tò. Ó parí kíá, mo ní háà, àfi bí mo ṣe wo fódà tí mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. "RuntimeWarning: coroutine 'ko_gbogbo' was never awaited." Mo gbàgbé await nínú main, ojú tì mí díẹ̀. Mo tún un ṣe, sẹ́kọ́ǹdù 11! Ṣùgbọ́n 31 nínú wọn ló fi 429 dá mi lóhùn, sáfà ní mo ti ń yọ òun lẹ́nu jù, òótọ́ sì ni. Mo fi asyncio.Semaphore(5) sí i kí márùn-ún péré máa lọ lẹ́ẹ̀kan, ó di sẹ́kọ́ǹdù 50, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí mo fẹ́ máa fi Pillow (láíbírárì fọ́tò) dín ìwọ̀n fọ́tò kù ni loop tún há, mo ní kí n lo asyncio.to_thread, tó ń gbé iṣẹ́ lọ sórí thread mìíràn, láptọ́ọ̀pù mi ò dá a mọ̀. Python 3.8 ló wà lórí ẹ̀, 3.9 sì ni to_thread dé, ni mo bá fi run_in_executor, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ṣe é, kò rẹwà ṣá.

Ó ku fọ́tò 3 tó ń mú 404 (a ò rí i) wá. Mo ti fi return_exceptions=True sínú gather kí wọ́n má baà da tàwọn yòókù rú, lọ́la ni máa wo orúkọ fáìlì wọn, ó ń ṣe mí bíi pé àlàfo tó wà láàárín orúkọ yẹn ni.