Rack tí mo rà lásán

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe sọ owó nù ná. Ọkọ̀ tí mò ń wà, Camry 1999 ni, èyí tí wọ́n ń pè ní tiny light, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá lọ́wọ́ mi, mi ò sì tíì rí ìdí tí mo fi máa tà á. Lọ́dún tó kọjá, tí mo bá ti bọ́ sí márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, tí ọwọ́ mítà bá ti ń sún mọ́ 90, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ibà ń ṣe. Tí mo bá tẹná kọjá 110, á tún rọlẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ní àdúgbò, mo lè yí sítíárìn díẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀ sósì kí táyà má tiẹ̀ mọ̀ pé mo yí nǹkan kan.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó wọlé, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé jáàkì, kò wo abẹ́, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, rack ti lọ." Rack ni irin gbọọrọ abẹ́ ọkọ̀ tó ń ti táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì tá a bá yí sítíárìn. Bí mo ṣe lọ sí Àrárọ̀mí, ọjà páàtì ọkọ̀ tó wà ní Gate, nìyẹn, mo ra rack tòkúnbọ̀, a gbé e wọ̀, mo sanwó iṣẹ́, mo ra epo páwà tuntun lé e, nígbà tó di Sátidé mo forí lé Èkó, kí n tó dé Ògúnmákin sítíárìn ti tún ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ yíyẹ̀ náà, ìyẹn sítíárìn tó ń yí tí táyà ò mọ̀, wà níbẹ̀ gbọin gbọin.

Bàbá kan wà ní òpópónà wa, wọ́n ti ń tún Peugeot 504 ṣe látìgbà tí wọ́n ti ń tò ó ní Kàdúná, wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, wọn kì í sábà fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Mo lọ kí wọn, mo rojọ́. Wọn ò béèrè nípa rack rárá. Wọ́n ní, "Ìgbà wo ló máa ń gbọ̀n?" Látìgbà tí mo ti ń gbé ọkọ̀ yìí kiri, ẹnì kankan ò tíì bi mí léèrè yẹn o. Mo ní láàárín 90 sí 110. "Tó o bá tẹ bíréèkì ńkọ́?" Mo ní ó máa ń gbọ̀n díẹ̀ nígbà yẹn náà. "Tó o bá rọra ń rìn, bíi 30?" Mo ronú, mo wá rántí pé imú ọkọ̀ máa ń mì lọ mì bọ̀, ọ̀nà ni mo ti ń bú ní tèmi.

Wọ́n ní, "Gbígbọ̀n lọ̀tọ̀, yíyẹ̀ lọ̀tọ̀. O kó wọn pọ̀, lo ṣe ra rack."

Ohun tó wá yé mi látẹnu wọn nìyí. Tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n ní ìwọ̀n eré kan, tó sì ń dákẹ́ téèyàn bá kọjá ibẹ̀, nǹkan tó ń yí po ló ń ṣe é, ìyẹn táyà, ríìmù, bóyá lẹ́ẹ̀dì balancing, òjé kékeré tí wọ́n ń fi sára ríìmù kí táyà lè yí dọ́gba, ti já bọ́. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n, ẹ wo dísíìkì tí bíréèkì máa ń fún mọ́. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ń tẹná gun òkè ni, tó sì ń dákẹ́ tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, shaft, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, ni kẹ́ ẹ fura sí, pàápàá jọ́ìntì rẹ̀ ti inú. Tó bá ń mì láti 20, 30, táyà ti wú tàbí ríìmù ti tẹ̀. Yíyẹ̀ ní tiẹ̀, jọ́ìntì tó ti jẹ ló fà á, ó lè jẹ́ rack end tó wà létí rack, tie rod end tó tẹ̀ lé e lápá táyà, ball joint tó so ìdí táyà mọ́ apá abẹ́ ọkọ̀, tàbí jọ́ìntì kékeré tó so ọ̀pá sítíárìn mọ́ rack nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀. Rack fúnra rẹ̀ lè jẹ lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Alignment ò sí níbẹ̀ rárá, ẹ kíyè sí i. A ti pe balancing àti alignment pọ̀ títí tí wọ́n fi dà bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu wa. Alignment ń tọ́ ojú táyà ni, kí ọkọ̀ má baà fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má baà jẹ táyà. Kò lè wo gbígbọ̀n, èmi sì ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní Sunday, èmi àti àbúrò mi bọ́ sí abẹ́ ọkọ̀. A kọ́kọ́ yẹ nọ́ọ̀tù táyà wò, ọ̀kan ti dẹ̀ lápá òsì, ojú tì mí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tún fẹ́ sọ èyí: fọkanáísà tó ń gun wíìlì sípánà bíi pé ó ń jó lórí rẹ̀ kò bá yín dè é dáadáa, ẹ jẹ́ kó dè é ní àgbélébùú, ìyẹn ọ̀kan, kó tó kan èyí tó dojú kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀. Fún ọkọ̀ tèmi, 103 Nm ni ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń dè é, tẹ́ ẹ bá ní sípánà tó ń kà á.

Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ wà nílẹ̀ lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ kí páwà lè wà, a fi hándíbíréèkì dè é. Àbúrò mi ń yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kì í ṣe títí dé òpin, èmi sì na ọwọ́ sí ẹ̀yìn táyà, mò ń fọwọ́ kan jọ́ìntì kọ̀ọ̀kan. Tie rod end ò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí mo fún rọ́bà tó bo rack end lápá òsì mọ́wọ́, mo gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀ lábẹ́ ìka mi kí táyà tó gbéra. Òun nìyẹn.

Báwo ló ṣe wá jẹ́, tó jẹ́ pé rack mìíràn la gbé wọ̀? Mo pe mẹkáníìkì, ó ní rack tòkúnbọ̀ yẹn kò ní rack end, ó tú tiwa àtijọ́, ó gbé e sí i. A kó kúrò nílé, a gbé ìdun dání!

A gbé ọkọ̀ sókè, a fi stand sábẹ́ rẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan láé. Mo di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì, mo mì í, ó mì, rack end náà ni. Mo dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, kò mì. Ká ní ó mì, àbúrò mi ì bá tẹ bíréèkì: tó bá dákẹ́ nígbà tí wọ́n tẹ bíréèkì, bẹ́ríìn tí táyà ń yí lé lórí ni, tó bá ṣì ń mì, ball joint.

Wàyí o, gbígbọ̀n. Mo gbé igi kan sún mọ́ ojú táyà láìjẹ́ kó kàn án, mo fọwọ́ yí táyà. Táyà ọ̀tún yí po láìsí wàhálà. Ti òsì, ibì kan á kan igi, ibì kan á jìnnà sí i. Ó ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, níbi tójú kì í tó, bẹ́ẹ̀ eyín rẹ̀ ṣì jìn. Lẹ́ẹ̀dì tó wà lára ríìmù ẹ̀ pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ó yẹ kí n ti fura nígbà tí fọkanáísà ń tò wọ́n síbẹ̀. Mo wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà náà, 1814, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Tòkúnbọ̀ tí mo dúnàádúrà lé lórí tí mo ń yọ̀ pé mo rí a-fowó-díẹ̀-rà. Kó lè dá mi lójú, mo gbé e sẹ́yìn, mo tún wa ọkọ̀ jáde: gbígbọ̀n kúrò lọ́wọ́ mi, ó bọ́ sí ìdí mi lórí ìjókòó.

Mo ra rack end méjèèjì, tuntun, mi ò gba tòkúnbọ̀. Èyí ò ṣeé fi falẹ̀, nítorí rack end tó bá yọ, táyà yẹn á gba ibi tó bá wù ú lọ. Bàbá wá dúró tì wá, wọ́n ní ká máa ka iye ìgbà tí tie rod end yí kó tó bọ́, ká sì yí i padà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n sì rí i dájú pé a tẹ etí wáṣà rack end mọ́lẹ̀ kó má baà tú. Mo ra táyà méjì fún iwájú, a ṣe balancing, lẹ́yìn ìyẹn la tó wá lọ ṣe alignment, torí a ti tú ọ̀pá rẹ̀.

Mo ti lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì látìgbà yẹn. Ní 100, mo lè fi ìka méjì di sítíárìn mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń gbọ̀n díẹ̀ tí mo bá tẹ bíréèkì látorí eré, dísíìkì nìyẹn, ó di ìparí oṣù. Rack tá a tú, tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ṣì wà nínú búùtù. Tí ẹnì kan bá ń lo tiny light tó fẹ́ rà á, mo ṣe tán, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ yẹ rack end tiẹ̀ wò o, torí ti inú búùtù yẹn náà ò ní.