Wọ́n ní mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Oníbàárà kan dá iṣẹ́ mi padà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé ìlànà ẹ̀rọ ni mò ń tú láti èdè Jámánì sí Gẹ̀ẹ́sì lókè òkun níbí, òun ni mo fi ń jẹun. Gbólóhùn kan ló fi pupa fà lábẹ́: "Bei laufender Maschine nicht eingreifen." Mo ti tú u báyìí: "Do not put your hand inside while the machine is running." Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ọmọdé nìyẹn, pé "Do not intervene" ló yẹ. Ó wá béèrè nísàlẹ̀ bóyá Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ ni èdè abínibí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà.

Èmi! Èmi tí wọ́n fi pàṣán kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì n'Ìbàdàn, tí mo san owó ìtanràn "vernacular" títí owó oúnjẹ mi fi ń tán!

Lóòótọ́, "eingreifen" lè jẹ́ kí ìjọba dá sí ìjà. Ó sì lè jẹ́ kí èèyàn ti ọwọ́ bọ nǹkan. Lórí ẹ̀rọ tó ń yí, ọwọ́ ni wọ́n ń sọ. Àbí ta ló fẹ́ bá rólà parí ìjà?

Èdè Jámánì yẹn ti fojú mi rí nǹkan. Ó ń ṣe bí awakọ̀ Micra tó di ṣéńjì rẹ mọ́wọ́ láti Dùgbẹ̀ títí dé Ìwó Road: ìparí gbólóhùn gan-an ló sábà máa ń kó ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀. Ìkìlọ̀ wọn pàápàá ní ìpele. GEFAHR: bí o kò bá yẹra, ikú ni tàbí ọgbẹ́ ńlá. WARNUNG: ó lè pa ọ́. VORSICHT: ó lè ṣe ọ́ léṣe díẹ̀. HINWEIS: ẹ̀rọ ló máa bàjẹ́, ìwọ kọ́. Ìyá mi ò ní ìpele kankan. "Ṣé o rí mi?" náà ni, ì báà jẹ́ iná ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn, ì báà jẹ́ ẹran inú ìkòkò.

Ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá. Orí ìka méjì ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni, láti Jámánì, kò sí ìwé kankan tó bá a wá. Rólà gbá a lọ́wọ́ mú. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ dúró ti bọ́tìnì pupa tí wọ́n kọ NOT-AUS sí. Lédè Jámánì, "Not" ni pàjáwìrì, "Aus" ni kí ó kú. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ka "not" bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé. Látìgbà tí ẹ̀rọ náà ti dé ṣọ́ọ̀bù, kò fọwọ́ kan bọ́tìnì yẹn rí. Ara ògiri ló sáré lọ pa iná, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́.

Orí WhatsApp ni mo ti rí ọwọ́ náà. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mò ń tú ìwé ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún, mo bọ́jú, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Owó ni mo lè fi ránṣẹ́.

Ní Yúróòpù, òfin 2006/42/EC ní kí ẹ̀rọ tuntun bá ìwé ìlànà rìn, ní èdè ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tà á. Tí ẹ̀rọ bá wá gbó, tó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Àpápá, ta ló ń béèrè èdè mọ́? Mo dá gbólóhùn mi padà fún oníbàárà náà bó ṣe wà, mi ò yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Kò tíì fèsì.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀rọ báyìí láìkọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Àná, "Druck ab" ló dé. Mo ní bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ ni, kí ẹ̀rọ má baà tẹ bébà mọ́.

"Kí ọmọ tẹ̀ ẹ́ ni, àbí kó má tẹ̀ ẹ́?"

"Kó tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ̀rọ má baà tẹ̀ mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Àwọn òyìnbó wá ń sanwó fún ọ lórí eléyìí?"