Bí màmá tàbí bàbá yín bá ń lo donepezil, ẹ ka èyí

Bí dókítà bá ti kọ donepezil fún òbí yín nítorí àrùn ìgbàgbé Alzheimer's, ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé jọ, títí kan ti ọ̀fìnkìn àti ti ara yíyún, kí ẹ kó wọn lọ fi han apòògùn. Ara màmá mi ni mo ti kọ́ ọ.

Kẹ́míkà kan wà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, acetylcholine ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti jíṣẹ́ tán, èròjà mìíràn, acetylcholinesterase, á fọ́ ọ dànù kíá. Nínú Alzheimer's, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè acetylcholine ló ń kú, ìwọ̀nba ló sì ń ṣẹ́ kù. Donepezil kì í jí sẹ́ẹ̀lì tó ti kú. Ṣe ló ń di èyí tó ń fọ́ ọ lọ́wọ́, kí díẹ̀ tó kù lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kì í wo àìsàn náà sàn, ṣùgbọ́n màmá mi tún ń pe àwọn ọmọ-ọmọ wọn lórúkọ. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Piriton wá ńkọ́? Ó máa ń dínà mọ́ acetylcholine yìí kan náà. Àǹtí mi kan wá kí wa, ara ń yún màmá lóru, ni àǹtí bá fún wọn ní Piriton. Kílẹ̀ tó mọ́, màmá ti ń tú àpótí aṣọ, wọ́n ń wá bàbá wa tó ti kú, wọ́n sì ń bi mí pé ọmọ ta ni mí. Bí apòògùn ṣe rí páálí rẹ̀ báyìí ló ní ká dá a dúró. Bákan náà ni Phenergan, tí wọ́n ń lò fún ara yíyún, àti amitriptyline, tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, rí. Èyí tó tún burú ni oxybutynin: donepezil lè mú kí ìtọ̀ máa yọ́ lára wọn, ẹlòmíì á wá kọ oxybutynin láti dá ìtọ̀ dúró, oògùn méjèèjì á sì máa bára wọn jà.

Mílígíráàmù 5 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ donepezil, ó di ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí dókítà tó lè sọ ọ́ di 10. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru wọ́pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bí àlá burúkú bá ń jí wọn lóru, ẹ bi dókítà bóyá àárọ̀ ni kí wọ́n máa lò ó. Ohun tó ran màmá mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ó tún lè mú kí lílù ọkàn falẹ̀, nítorí náà bí òyì bá kọ́ wọn tàbí wọ́n dákú, ilé ìwòsàn ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Sniper, oògùn apakòkòrò, sínú ilé náà. Dichlorvos inú rẹ̀ ń kọlu acetylcholinesterase kan náà, ó sì lágbára débi pé ó ń pani. Bí wọ́n bá fà á símú, tí itọ́ ń dà, tí òógùn bò wọ́n, tí mímí sì ṣòro, ẹ gbé wọn lọ sọ́sípítù kíákíá, ẹ mú ìgò náà dání, kí ẹ sì sọ fún wọn pé donepezil wà lára oògùn wọn.